Ohun Tí A Bá Jọ Wò: Ife Ẹ̀yẹ Nínú Ilé Wa ní Àbújá

  

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní olú-ìlú yìí rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń wo ìdíje bọ́ọ̀lù ńlá láti inú ilé wa, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ eré ni, pé ìlú tí ọ̀wọ́n oúnjẹ ń bá fínra kò yẹ kó máa pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bọ́ọ̀lù. Mo gbọ́ ẹni náà, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èdè wa pọ̀, ẹ̀sìn wa yàtọ̀, òṣèlú sì ti pín wa sí ọ̀nà púpọ̀. Ìwọ̀nba nǹkan ló kù tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń wò ní ìṣẹ́jú kan náà, tí ọkàn gbogbo wọn sì ń fẹ́ ohun kan náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ikọ̀ Super Eagles wà lára wọn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá jọ wò, gígún ní ń gún. Òwe yẹn ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà kí a tó tú ká ni èyí: íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé pápá ìṣeré wọ inú yàrá wa, ó sì ṣe wá lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá tètè ṣètò, ohun tí gbogbo ìlú ń jọ wò yóò di ohun tí olówó ń dá wò. Ìjọba ní iṣẹ́ níbẹ̀, onílé ní iṣẹ́ níbẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá náà sì ní tiwa.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe wọlé wá

Kí ojú tó rí bọ́ọ̀lù ni etí ti gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí orí yín ti ń funfun kò ní gbàgbé ohùn Ernest Okonkwo àti ti Ishola Folorunsho lórí Radio Nigeria. Rédíò kan ṣoṣo lè wà ní agbo ilé, kí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn yí i ká, kí wọ́n dákẹ́ lọ gbári títí ohùn yóò fi ròkè. Okonkwo ló fún Ṣẹ́gun Odegbami ní orúkọ "Mathematical", orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ìyẹn ibi tí orílẹ̀-èdè yìí ti ń gba ìró àti àwòrán láti òkè òkun nígbà náà. Ẹ rí i pé ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn yìí ti ta gbòǹgbò. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, tí Nàìjíríà fi góòlù 3 sí òdo na Àlgéríà ní Sùúrùlérè, tí Odegbami gbá méjì wọlé, tí Mudaṣiru Lawal gbá ẹyọ kan, tẹlifíṣọ̀n ti wà ní ọ̀pọ̀ agbo ilé láti fi wo Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a gbà.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994 dé ní ìlú Dallas, tí Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ Nàìjíríà nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọlé, tó kó ọwọ́ méjèèjì sínú àwọ̀n, tó ń sunkún ayọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Roberto Baggio dá wa lóró nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí a lé Ítálì lọ sílé. Ọdún 1996 ni Emmanuel Amuneke gbá góòlù kẹta sáwọ̀n Ajẹntínà, tí àmì ẹ̀yẹ wúrà Òlíḿpíìkì fi di tiwa. Lórí NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀, la ti wo Yekini. Ẹni tó bá ti ní tẹlifíṣọ̀n àti ọ̀pá eriali lórí òrùlé, ó ti ní ìwé ìwọlé. Kò sí ẹni tó béèrè iye tó wà lápò rẹ̀.

Láàrin àwọn ọdún 1990 yẹn náà ni àwo sátẹ́láìtì àti dẹkóódà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, tí wíwo bọ́ọ̀lù di ohun tí à ń sanwó fún lóṣooṣù. Mẹ̀kúnnù kò jókòó kó máa sunkún. Ẹnìkan á ra dẹkóódà, á to bẹ́ǹṣì, á na tapólì sókè, á gba owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ṣe gbilẹ̀ nìyẹn ní Nyanya, Mararaba, Dutse Alhaji, Kubwa, Lugbe àti Gwagwalada. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó kó wá sí olú-ìlú yìí láìmọ ẹnìkan, lórí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n ti bá ọmọ Tiv, ọmọ Gbagyi, ọmọ Hausa àti ọmọ Ígbò ṣọ̀rẹ́.

Ọdún 2014

N kò lè sọ̀rọ̀ wíwo bọ́ọ̀lù nínú ilé ní Àbújá kí n fo ọdún 2014. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún náà, bọ́ǹbù dún ní gáréèjì Nyanya, ó sì pa àwọn ènìyàn tó lé ní àádọ́rin tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà, nígbà tí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ ní Brazil, bọ́ǹbù dún ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Damaturu. Mínísítà olú-ìlú nígbà náà, Bala Mohammed, pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Àbújá pa.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, Nàìjíríà fẹ́ kojú Ajẹntínà ní Porto Alegre ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wa níhìn-ín. Nígbà tó kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, bọ́ǹbù dún ní Emab Plaza ní Wuse 2. Àwọn tó kú lé ní ogún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn Ahmed Musa gbá góòlù méjì wọlé, Lionel Messi náà gbá méjì, Ajẹntínà fi 3 sí 2 borí. Ìròyìn góòlù àti ìròyìn òkú wọ ilé kan náà láàrin wákàtí mélòó kan.

Ìdí tí mo fi ń rán wa létí ni pé ní ìlú yìí, wíwo bọ́ọ̀lù nínú ilé kì í ṣe ìgbádùn lásán. Ìgbà kan wà tó jẹ́ ààbò. Ọ̀pọ̀ ìyá ló sọ fún ọmọ wọn lọ́dún náà pé, "Jókòó sílé, kí o wò ó níbí." Ọ̀rọ̀ abiyamọ nìyẹn, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré rẹ̀ nígbà tí a bá ń yin àpéjọ àti ọ̀pọ̀ èrò.

Oṣù kan tó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́

Ẹ jẹ́ ká wá sí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 13. Ní ìparí ọdún 2023, MultiChoice, iléeṣẹ́ tó ni DStv àti GOtv, kéde pé àwọn kò ní fi ìdíje náà hàn. Ẹ̀tọ́ ìgbéjáde rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ sọ́wọ́ New World TV, iléeṣẹ́ kan láti Lomé ní Tógò. Àwọn tó ti san owó oṣù wọn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọn yóò ti wo Victor Osimhen, atamátàsé wa. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la ku ọ̀túnla ni iléeṣẹ́ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹnu kò, tí SuperSport, ìkànnì eré ìdárayá MultiChoice, sì rí àyè wọlé.

Ẹ wò ó bí ó ṣe rí: àwọn ọmọ wa ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ Áfíríkà wa ni wọ́n ti ń gbá a, síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kí ọ̀pọ̀ wa má rí i, nítorí àdéhùn tí a kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

A dúpẹ́ pé a rí i. A rí Adémọ́lá Lookman, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó gbá méjì sáwọ̀n Cameroon, tó tún gbá ẹyọ kan ṣoṣo tó lé Àǹgólà lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n ń wò ó ní Gwarinpa, àbúrò ń wò ó ní Peckham, àǹtí ń wò ó ní Houston, gbogbo wọn wà lórí WhatsApp kan náà. Ẹbí tí òkun pín níyà tún jókòó pa pọ̀. Rédíò àti NTA kò lè ṣe irú èyí fún wa.

Lẹ́yìn náà ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kejì dé ní Bouaké. Nàìjíríà ń fi góòlù kan borí Gúúsù Áfíríkà. Ó kù díẹ̀ kí àsìkò pé nígbà tí Victor Osimhen gbá góòlù kejì wọlé. Gbogbo Àbújá hó. Rẹfirí lọ wo àwòrán VAR, ó wọ́gi lé góòlù náà, ó sì fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹnáritì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní iwájú ilé tiwa. Teboho Mokoena gbá a wọlé. Ó di àfikún àsìkò, ó di wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ. Aṣọ́lé wa Stanley Nwabali mú méjì, Kelechi Iheanacho gbá èyí tó parí rẹ̀, a sì lọ sí àṣekágbá. Ní ọjọ́ 11 oṣù yẹn ní Abidjan, William Troost-Ekong kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé, ṣùgbọ́n Franck Kessié àti Sébastien Haller gba ife náà fún àwọn tó gbà wá lálejò.

Ohun tó wà láàrin kámẹ́rà àti fóònù

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí àwòrán ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ pé ó fọwọ́ kan nǹkan nígbà tí àwòrán bá dúró.

Sátẹ́láìtì tí àwo orí òrùlé ń kọjú sí wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fọ́n àwòrán ká. Ì báà jẹ́ ilé mẹ́wàá ló ń gbà á, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan, iṣẹ́ kan náà ló ṣe. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe bẹ́ẹ̀: fóònù kọ̀ọ̀kan ló ń béèrè ẹ̀dà tirẹ̀. Bí gbogbo Lugbe bá ń wo pẹnáritì ní ìṣẹ́jú kan náà, ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì tó wà ládùúgbò ní láti fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń dúró sójú kan ní àsìkò tí ọkàn wa gbóná jù lọ. Kì í ṣe pé àjẹ́ wà nídìí rẹ̀. Èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ń gbé e jáde máa ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nínú ègé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ṣe ègé kọ̀ọ̀kan ní oríṣiríṣi, èyí tó mọ́ gaara àti èyí tó ṣú, wọ́n á sì kó wọn sórí kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n tò káàkiri ayé. Fóònù yín á máa gba àwọn ègé yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, á kó bíi méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ kó tó fi àkọ́kọ́ hàn yín. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já geere, á gba èyí tó mọ́. Bí kò bá já geere, á gba èyí tó ṣú. Bí kò bá rí ìkankan gbà, òbìrí á máa yí lójú fóònù.

Gbogbo gígé àti pípamọ́ yìí ló ń gba àkókò. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń wà lẹ́yìn ẹni tó ń lo àwo, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún alẹ́ Bouaké yẹn wò pẹ̀lú ojú yìí. Ẹni tó wà lórí fóònù ní Kubwa gbọ́ tí ilé kejì hó "góòlù!" nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà láàrin pápá lójú tirẹ̀. Bí ó ṣe ń dìde láti jó, ilé kejì ti dákẹ́. Ayọ̀ rẹ̀ dé lẹ́yìn, ìbànújẹ́ rẹ̀ náà dé lẹ́yìn. A wà ní àdúgbò kan, a kò sí nínú ìṣẹ́jú kan mọ́. Ohun kékeré kọ́ nìyẹn fún àwọn tó gbàgbọ́ pé àjọṣe ló ń mú ayọ̀ dùn.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ orílẹ̀-èdè wa náà ṣe pàtàkì. Wáyà ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ wá sí etíkun wa, wáyà orí ilẹ̀ a sì gbé e kọjá odò àti òkè dé Àbújá. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn àṣekágbá, wáyà WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ pa pọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun nítòsí Abidjan, ìlú kan náà tí a ti pàdánù ife. Iṣẹ́ àwọn báńkì kan dúró, nẹ́tíwọ̀kì di ìgbín káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ká ní àsìkò ìdíje ló bọ́ sí ni, ọ̀pọ̀ ilé tó ti yọ àwo wọn sọ nù ni kò bá rí nǹkankan.

Ẹnubodè mẹ́ta

Nígbà àtijọ́, ẹnubodè kan ló wà: ti pápá ìṣeré. Lónìí ẹnubodè mẹ́ta ló wà láàrin ọmọ Nàìjíríà àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ikọ̀ rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti ẹ̀tọ́ ìgbéjáde, èyí tí mo ti sọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ti gba MultiChoice fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí a óò wò ń jìnnà sí wa sí i.

Èkejì ni ti owó. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, ìpele DStv tó ga jù lọ di 44,500 náírà lóṣù. Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní ọdún 2023, dé 57,000 náírà lóṣù fún ilé lásán. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Bí ẹ bá ní kí a lo dátà fóònù, àwòrán tó mọ́ gaara lè jẹ tó 3GB ní wákàtí kan, èyí tó ṣú díẹ̀ lè jẹ 1GB. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú ìsinmi rẹ̀ tó wákàtí méjì. Méje ni Nàìjíríà gbá ní Côte d'Ivoire: ó lè tó 42GB fún ẹni tó fẹ́ kó mọ́, 14GB fún ẹni tó gbà kó ṣú. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójútó ìbánisọ̀rọ̀ sì fún àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn.

Ẹ̀kẹta ni ti iná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìpele tí wọ́n ní iná yóò ti máa pọ̀ jù lọ, di nǹkan bíi 225 náírà lórí yúníìtì kan, láti 68 tó wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìlérí ogún wákàtí lójúmọ́. Ẹni tó wà ní Asokoro lè máa rí i. Ẹni tó wà ní ẹ̀yìn Dutse ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2024, láàrin ọjọ́ tí a na Àǹgólà àti ọjọ́ tí a kojú Gúúsù Áfíríkà, iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú látòkè délẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì kò lè tan iná.

Mo kà wọ́n báyìí kí ẹ lè rí i pé ìfẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń pinnu ẹni tó ń wò ó mọ́. Àdúgbò tí ènìyàn ń gbé àti iye tó ń gbà lóṣù ló ń pinnu rẹ̀.

Àwọn tí ilé ṣílẹ̀kùn fún

Síbẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a fi ìyà ẹnubodè gbàgbé oore. Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kì í sábà gba gbogbo ènìyàn. Mélòó nínú àwọn ìyá wa, àwọn ìyàwó wa, àwọn ọmọbìnrin wa ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn rí? Mélòó nínú àwọn bàbá wa tí ẹsẹ̀ ń dùn, tàbí àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, ló lè wọ ibẹ̀? Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ilé ti sọ wọ́n di òǹwòran bíi ti gbogbo ènìyàn.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2025, Super Falcons, ikọ̀ obìnrin wa, wà ní Rabat, Mòrókò ti fi góòlù méjì sí òdo ṣíwájú wọn. Wọ́n dá méjèèjì padà, wọ́n fi ìkẹta kún un, wọ́n sì gba ife obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà nígbà kẹwàá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, Ààrẹ Tinubu gbà wọ́n lálejò ní Aso Rock níhìn-ín. Onílé ìwòran bọ́ọ̀lù ń fi ohun tó ń mówó wọlé hàn, bọ́ọ̀lù obìnrin kì í sì sábà wà lára rẹ̀. N kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá lè jókòó ti bàbá rẹ̀, kó wo obìnrin bíi tirẹ̀ bó ṣe ń yí ìpọ́njú padà sí ògo. Ẹ jẹ́ kó wò ó. Ẹ má gba rìmóòtì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àkókò náà. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 jẹ́ ti orílẹ̀-èdè 48, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 104, ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní Los Angeles, agogo méjì òru ni ní Àbújá. DR Congo ti dí wa lọ́nà pẹ̀lú pẹnáritì ní Rabat ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ṣùgbọ́n olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ń wo bọ́ọ̀lù. Ta ni yóò jáde lọ sí ilé ìwòran ní agogo méjì òru? Ilé nìkan ló yẹ irú wákàtí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ewu kan wà nínú dídá wò. Lẹ́yìn alẹ́ Bouaké, ìròyìn gbé e pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kú nígbà tí pẹnáritì yẹn ń dà wọ́n láàmú. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà kò yẹ kó máa dá nìkan jókòó ti irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹnìkan wà nítòsí tó máa rí i pé ó ń làágùn, tó máa sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta gba atẹ́gùn díẹ̀," tó sì máa rí i pé ó ti lo oògùn rẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ìjọba ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ní Britain, òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ọdún 1996 fi dá wọn lójú pé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé yóò máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ènìyàn ń wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọlọ́jà tó ra ẹ̀tọ́ yòókù ń jẹ èrè rẹ̀, ìlú náà sì ń wo ohun tó jẹ́ ti ìlú. Níhìn-ín, àjọ NBC tó ń mójútó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbìyànjú ní ọdún 2020 láti fi ìlànà rẹ̀ dá àdájẹ dúró, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó sì wọ́gi lé e. Nígbà tí àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà gbé ọ̀rọ̀ owó DStv dìde ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ pé dídá iye owó sílẹ̀ kì í ṣe agbára àjọ náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìlànà àjọ kò tó, ìjà lórí iye owó kò sì ní gbé wa débì kan. Òfin ni kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, kó ṣe é ṣókí: gbogbo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Super Eagles àti Super Falcons nínú ìdíje ńlá, pẹ̀lú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà àti ti Àgbáyé, kí ó máa hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ìgbìmọ̀ yẹn kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Ọmọ wa wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ bá wọn.

Èkejì kan àwa ọmọ Yorùbá. Íntánẹ́ẹ̀tì lè gbé ju ohùn kan lọ sórí àwòrán kan náà. Òǹwòran kàn máa yan èdè tó fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù, tí ẹ mọ oríkì, tí ẹ mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ ya àwòrán, iṣẹ́ wà fún yín. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà tó wà ní Karu gbọ́ èdè rẹ̀ nígbà tí Lookman bá gba bọ́ọ̀lù. Kí ẹgbẹ́ wa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ yìí, kí a sì kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ ìgbéjáde pé kí wọ́n gbà wọ́n wọlé.

Ẹ̀kẹta kan onílé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní sólà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó dán mọ́rán àti tẹlifíṣọ̀n ńlá, kó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ tí Nàìjíríà bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Kó pe máíguàdì wọlé, kó pe ìyá tó ń ta àkàrà ní orígun òpópónà, kó pe ọmọ aládùúgbò. Bí ilé mẹ́wàá bá kóra jọ sí ilé kan, dátà ilé kan ni yóò lọ, ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì yóò gbòòrò fún àwọn tó kù, ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo wọn yóò sì hó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ ká yàgò fún àwọn ojú ìwé olè tó ń jí àwòrán gbé jáde. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ti ọdún 2022, dojú kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìpolówó tẹ́tẹ́ ló kún inú wọn, wọ́n sì ń kó àìsàn bá fóònù. Ọmọ tí a bá kọ́ pé olè lè jẹ́ ẹ̀tọ́ nítorí bọ́ọ̀lù, yóò rí ìdí mìíràn lọ́la.

Mo ti sọ tèmi. Kí ẹgbẹ́ yìí yan ìgbìmọ̀ kékeré lónìí kí a tó dìde, èyí tí yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí òfin yẹn, tí yóò sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn aṣòfin tó ń ṣojú àwọn ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti ṣetán láti fi orúkọ sílẹ̀, kó dìde báyìí.